Wolé-wolé Ìjì Ń Bọ̀, Ẹ Kó Ẹrù Kúrò Lábẹ́ Àjà

Ẹni tí ó bá dàgbà nílé láyé àtijọ́ mọ wolé-wolé dáadáa. Bí a bá ti gbúròó rẹ̀ ní ìkóríta, àwọn ìyá wa á da omi inú àmù nù, wọn á gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́ tónítóní, àwa ọmọdé á sì máa sáré láti ilé dé ilé pé, "Wolé-wolé dé o!" Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá, nítorí bí ó bá rí tanwíjí nínú omi, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù nìyẹn.

Wolé-wolé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó wà, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, tí mo sì ti ń ṣe ládàánì ní mọ́ṣáláṣí wa. Ìyẹn kì í wo àmù. Òrùlé ni ó ń wò, àti fèrèsé, àti ilẹ̀kùn, kí ó lè mọ̀ bóyá ilé náà lè dúró nígbà tí ìjì òkun bá dé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó ránṣẹ́ pè é, ẹ̀yin ni ẹ ó sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá kọ sínú ìwé rẹ̀ lè dín owó tí ẹ ń san lọ́dọọdún kù, ó sì lè fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ka èyí lábẹ́ òrùlé tí mò ń wí gan-an. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán, ni Àlàájà kan pè mí sẹ́yìn. Opó ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tí kì í pè é ní ìyá láàárín wa. Ó ní, "Ládàánì, ẹ dúró ná. Ẹ bá mi ka ìwé yìí, bóyá ojú mi ni kò ríran." Mo gba ìwé náà, mo kà á. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ó kọ̀wé sí i pé owó ọdún tí ń bọ̀ ti gbéra sókè, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ rà ni, ní àgbègbè Broward ní àríwá Miami, ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1986. Gbèsè báńkì ṣì kù lórí rẹ̀, báńkì kì í sì í gbà kí ilé tí owó rẹ̀ wà lára rẹ̀ wà láìní ìnṣọ́ránsì. Àlàájà ní òun ń rò ó pé kí òun tà á, kí òun lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa kí mi ní èdè mi níbẹ̀?"

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀ràn ìjì ṣe rí ní ilẹ̀ náà. Florida gùn bí apá tí a nà sínú òkun, omi sì wà ní ìhà ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá lọ́dọọdún ni wọ́n kà sí àsìkò ìjì líle. Ìjì wọn ní orúkọ, bí ọmọ ènìyàn. Èyí tí wọn kò lè gbàgbé láé ni Andrew, tí ó jà ní gúúsù Miami ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1992. Ó ba ilé tí ó lé ní 25,000 jẹ́ pátápátá, ó sì ṣe àwọn tí ó lé ní 100,000 mìíràn léṣe. Owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní láti san pọ̀ débi pé mélòó kan nínú wọn kógbá wọlé.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ń rìn kiri láàárín àwókù ilé, ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Níbòmíràn, ìṣó tí káfíńtà kàn mọ́ pákó òrùlé kò tilẹ̀ bá igi tí ó yẹ kí ó wọ̀. Ojú pákó lásán ni ó wọ̀, tí ó gba inú òfuurufú kọjá. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ṣe òfin ìkọ́lé tuntun. Ní Miami-Dade àti Broward, òfin tí ó le ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1994. Fún gbogbo ìpínlẹ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2002 ni òfin ìkọ́lé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjì kò sì dáwọ́ dúró: Michael dé ní ọdún 2018, Ian dé ní 2022, Milton sì dé ní 2024, èyí tí ó fa aṣọ òrùlé pápá ìṣeré ńlá kan ya ní ìlú St. Petersburg. Bí ìjì kan bá ti kọjá, owó ìnṣọ́ránsì a tún gbéra.

Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ náà ní apá kan tí ó ṣàánú ènìyàn. Ó pa á láṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé kí wọ́n dín owó kù fún onílé tí ilé rẹ̀ ní ohun tí ó lè mú un dúró lójú ìjì. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: kì í ṣe gbogbo owó náà ni wọ́n ń dín kù, apá tí ó jẹ́ ti ìjì nìkan ni. Níbi tí ìjì ti pọ̀ bí etíkun Florida, apá yẹn náà ni ó máa ń tóbi jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í sì í fúnra wọn wá wo ilé yín láti wá ẹ̀dínwó fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó mú ẹ̀rí lọ. Ẹ̀rí náà ni ìwé kan tí ìjọba ṣe, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ OIR-B1-1802. Iṣẹ́ wolé-wolé ìjì ni láti kọ ọ́ kún, kí ó fi fọ́tò gbè é lẹ́sẹ̀, kí ó sì bọwọ́ lù ú.

Mo bi Àlàájà bóyá wolé-wolé ti wá rí. Ó ní ó wá lọ́dún tí ó kọjá, òun sì sanwó fún un. Ó lọ mú ìwé náà wá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bí òrùlé ṣe so mọ́ ògiri, mo rí i pé ó fi àmì sí i pé kò sí ọ̀nà láti dé òkè àjà. Ibi ìṣó pákó òrùlé náà, bákan náà. Mo ní, "Àlàájà, ṣé kò sí ihò tí wọ́n ń gbà gun òkè àjà nínú ilé yín ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá òun ni, ṣùgbọ́n páálí aṣọ olóògbé, aṣọ ẹbí ọdún gbọọrọ, àti ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọdún Iléyá ni òun tò síbẹ̀ láti ilẹ̀ kan àjà. Wolé-wolé náà wò wọ́n, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun láti gbé ẹrù, ó ya fọ́tò ìta ilé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

N kò lè dá ọkùnrin náà láre tán. Bí ó bá fẹ́ ire fún opó, ì bá ti sọ fún un lórí fóònù pé kí ó kó ẹrù kúrò kí òun tó wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà níbẹ̀: ẹni tí kò gun òkè àjà kò lè kọ ọ́ pé òun rí irin níbẹ̀. Ohun tí wọn kò rí, kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń wá lókè àjà yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjì máa ń ti ilé lulẹ̀ ni. Bí ìjì bá fẹ́ kọjá lórí òrùlé, fífà ni ó ń fà á sókè. Ẹ rántí bí agbòjò ṣe máa ń yí padà lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ rẹ̀. Bí fèrèsé kan bá wá fọ́, tàbí tí ilẹ̀kùn gàráàjì bá ya, atẹ́gùn á rọ́ wọ inú ilé, á máa ti òrùlé sókè láti ìsàlẹ̀, ti òkè á sì máa fà á. Òrùlé á ṣí. Nígbà tí òrùlé bá ti lọ, ògiri kò ní ohun tí ó dì í mú mọ́, òjò á sì ba ìyókù jẹ́. Nítorí náà, ohun tí ó so òrùlé mọ́ ògiri ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi nínú gbogbo ohun tí wolé-wolé ń wò.

Ọ̀nà tí ó rẹlẹ̀ jù ni kí káfíńtà fi ìṣó gba ẹ̀gbẹ́ igi òrùlé ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́ wọ inú igi orí ògiri. Èyí tí ó sàn jù ú ni irin pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi òrùlé. Èyí tí ó tún dára ju ìyẹn lọ ni irin tí ó gba orí igi náà kọjá, tí ó di í mọ́ra bí ìgbà tí a bá fi ọ̀já gbọ́mọ pọ̀n, tí a sì kàn án ní ìhà méjèèjì. Irin méjì lórí igi kan tún dára ju ọ̀kan lọ. Kì í ṣe pé kí irin wà nìkan, o. Ó kéré tán, ìṣó mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ mú irin náà mọ́ igi, ìpẹtà kò gbọ́dọ̀ ti jẹ ẹ́ bàjẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí igi ju ìdajì ínṣì lọ. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo ilé ni wọn yóò sì fi pe gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọn a wo ìṣó pákó òrùlé: bí ó ṣe gùn tó, àti bí ó ṣe jìnnà sí ara wọn. Ìṣó onínṣì méjì àbọ̀ tí a kàn ní ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà dára ju èyí tí ó kúrú, tí a kàn ní ínṣì méjìlá-méjìlá. Ọgbọ́n tí wolé-wolé ń lò wù mí. Ó máa ń wá ìṣó tí ó ṣìnà, èyí tí ó yọ orí sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kí ó lè fi tépù wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe káfíńtà ọjọ́sí ni ó di ẹlẹ́rìí lónìí.

Bí òrùlé bá dà sílẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kà á sí dáadáa, nítorí atẹ́gùn kì í rí ojú ògiri onígun mẹ́ta kan dìmú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn, bí wọ́n ti kọ́ ọ ni ó rí. Wọn a tún béèrè ọjọ́ orí ìbòlé òrùlé, àti bóyá ohun tí kò jẹ́ kí omi wọlé wà lábẹ́ rẹ̀, tí yóò máa bo pákó bí ìbòlé bá tilẹ̀ ṣí lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Gíláàsì tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìjì kì í ṣe gíláàsì lásán. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn a ju igi tí ó wọ̀n tó pọ́ùn 9 lù ú pẹ̀lú eré ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè sán, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ là fún atẹ́gùn. Ẹni tí kò ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lè ní páànù ìdáàbòbò tí wọ́n ń gbé sójú fèrèsé nígbà ìjì. Ohun tí ó máa ń dun àwọn ènìyàn níbí ni pé gbogbo ojú gíláàsì ilé ni ó gbọ́dọ̀ ní ààbò. Bí fèrèsé mọ́kànlá bá ní, tí ẹyọ kan tí ó wà ní ilé ìwẹ̀ kò ní, bí ẹni pé kò sí rárá ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì, èmi àti àwọn ọmọkùnrin mi lọ sí ilé Àlàájà. A kó páálí jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti àárọ̀ títí di Súùrì. Ìyá àwọn ọmọ mi àti Àlàájà jókòó ti àpótí tí olóògbé ń kó ìwé sí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi pààrọ̀ òrùlé ní ọdún 2009. Bí ẹ kò bá rí tiyín, ẹ má ṣe bara jẹ́. Ọ́fíìsì ìkọ́lé ìlú tàbí ti àgbègbè yín ní àkọsílẹ̀ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, wọn á sì bá yín wá a. Ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé àṣẹ yẹn ni wolé-wolé nílò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rántí lórí.

Àwa obìnrin àti ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ lọ sí gàráàjì láti ka páànù fèrèsé. Ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ kí wolé-wolé fojú rí wọn, nítorí kò ní gba ẹnu gbọ́. Méjì kò sí. Ọmọ-ọmọ Àlàájà jẹ́wọ́ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé òun fi wọ́n ṣe orí òkè tí òun fi ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì, pé mọ́tò sì ti gun orí wọn. Àlàájà kò nà án, ṣùgbọ́n mo rò pé ó sún mọ́ ọn.

Kí ẹ má ṣe rò pé èmi gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi náà. Nígbà tí wolé-wolé fẹ́ wá sí ilé mi, mo ní kí ilé lẹ́wà, mo kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gàráàjì ní ọ̀dà funfun. Inú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni ìwé kékeré tí ó fi hàn bí agbára rẹ̀ ṣe tó wà. Mo fi ọ̀dà bò ó. Wolé-wolé fi tọ́ọ̀ṣì wò ó títí, ó mi orí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá rísíìtì ẹni tí ó tà á fún mi. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ràn ìmọ́tótó, ẹ má ṣe ha ìwé tàbí àmì tí ó wà ní igun gíláàsì yín kúrò, ẹ má sì kun ohunkóhun. Ilé tí a kò kùn kò bu ẹwà kù lójú ẹni yìí.

Ẹni tí a pè lẹ́ẹ̀kejì fún Àlàájà ní láísẹ́nsì, a sì béèrè láísẹ́nsì náà kí ó tó wá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní àkàbà ni òfin gbà láàyè. Ẹnjiníà, ayàwòrán ilé, kọ́lékọ́lé tí ìjọba mọ̀, àti olùyẹ̀léwò tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì yege ìdánwò, wà lára àwọn tí ó lè bọwọ́ lu ìwé yìí. A bi í ní ìbéèrè kan péré lórí fóònù: "Ṣé ẹ ó gun òkè àjà dé etí ògiri?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì gùn ún. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí a fi ń pè é kí a mọ̀ bóyá ó wà láàyè, nítorí ooru òkè àjà Florida ní oṣù kẹjọ kì í ṣe eré.

Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi fọ́tò hàn wá. Irin wà lára igi òrùlé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rì mọ́ inú kọnkéré orí ògiri láti ọdún 1986. Inú mi dùn. Ó ní kí n má tíì yọ̀. Irin náà kò gba orí igi kọjá, ìṣó méjì péré ni wọ́n sì kàn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìjọba ń béèrè mẹ́ta. Nítorí náà, lójú ìwé, bí ẹni pé irin kò sí ni, ọ̀wọ́ àwọn tí ó fi ìṣó lásán kàn án ni wọn yóò kà á mọ́.

Àlàájà dìde. Ó ní, "Ìṣó kan? Nítorí ìṣó kan ni mo ṣe fẹ́ ta ilé ọkọ mi?"

Ìṣó kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí igi kọ̀ọ̀kan yíká gbogbo ilé. Àwọn tí ó kọ́ ilé ní ìgbà náà kò rú òfin, mẹ́ta kò tíì di ohun tí a ń kà nígbà náà. A wá kọ́lékọ́lé tí ó ní láísẹ́nsì. Ọjọ́ méjì ni òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi dojú bolẹ̀ ní etí òrùlé, níbi tí ènìyàn kò ti lè jókòó, tí wọ́n ń kan ìṣó kẹta. Wolé-wolé tún padà wá, ó ya fọ́tò, ó kọ ìwé náà ní ọ̀tun, a sì fi ránṣẹ́ sí aṣojú ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Nígbà tí èsì dé, owó apá ti ìjì ti wálẹ̀ débi tí owó tí a san fún kọ́lékọ́lé yóò fi padà kí ọdún tó yí po. Àlàájà kò ta ilé mọ́.

Kò rí gbogbo rẹ̀ gbà o. Nítorí páànù méjì tí kẹ̀kẹ́ jẹ, kò sí ẹ̀dínwó kankan lórí fèrèsé. Ní ti ohun tí ó wà lábẹ́ ìbòlé òrùlé láti ọdún 2009, kò sí ẹni tí ó ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó, wolé-wolé kò sì lè kọ ohun tí kò rí. Èyí ni mo ṣe ń bẹ yín pé bí ẹ bá ń pààrọ̀ òrùlé, ẹ sọ fún oníṣẹ́ kí ó ya fọ́tò pákó pẹ̀lú tépù lórí ìṣó rẹ̀, kí ó tún ya èyí tí ó tẹ́ lé e, kí ó tó da ìbòlé bò ó. Fọ́tò kò gbówó.

Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe rò pé ti ìnṣọ́ránsì nìkan ni. Ẹ kà á bí ẹni ń ka èsì dókítà. Ibi tí ilé yín ti ṣàárẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá kéré owó tí ó sì tóbi èrè ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, bí ìṣó Àlàájà. Ilẹ̀kùn gàráàjì tí kò lágbára, tètè wá nǹkan ṣe sí i, nítorí òun ni ihò tí ó tóbi jù lọ lára ilé. Gíláàsì gbogbo ilé wọ́n púpọ̀. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó jẹ gbèsè nítorí ẹ̀dínwó nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé tẹ́lẹ̀, kí ó ra èyí tí ìjì kò lè là.

Ìjọba Florida ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní My Safe Florida Home. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006, ó sùn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún jí i ní ọdún 2022. Wọ́n máa ń yẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń ran àwọn onílé kan lọ́wọ́ lórí àtúnṣe, dọ́là méjì sí ọ̀kan tí onílé bá mú wá, tí kò ní ju 10,000 dọ́là lọ. Owó rẹ̀ máa ń tán, òfin ẹni tí ó lè gbà á sì ń yí padà láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ẹ lọ béèrè ní tààràtà lọ́dọ̀ wọn. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé àṣẹ owó tó dé. Ẹni tí ó bá sáré ṣe é ṣáájú ti fi owó ara rẹ̀ ṣe é nìyẹn.

Ẹnìkan wà láàárín wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó sọ fún Àlàájà ní àkọ́kọ́ pé kí ó fún wolé-wolé ní nǹkan, kí ó kọ mẹ́ta dípò méjì. Àlàájà wò ó, ó ní, "Ìjì ńkọ́? Ṣé òun náà yóò ka mẹ́ta?" Òfin náà kò sì fojú kékeré wo irú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú kóòtù láti fi ìwé èké gba ẹ̀dínwó. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì ní ẹ̀tọ́ láti rán ẹlòmíràn wá tún un wò ní owó ara wọn.

Ìwé náà lè ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, bí ẹ kò bá yí ilé padà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọwọ́ yín, nítorí bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ sì rántí pé ti atẹ́gùn ni gbogbo èyí. Ìkún omi kì í sí nínú ìnṣọ́ránsì ilé lásán níbẹ̀, tirẹ̀ dá yàtọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo dé ilé Àlàájà lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Ìwé rẹ̀ wà nínú báàgì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òun àti ìwé ìrìnnà rẹ̀. Páànù méjì tuntun ti dé, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n mọ́ gàráàjì nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo bojú wo inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó ṣófo. Àwọn páálí náà wà ní pálọ̀, ó ti fi aṣọ bò wọ́n, ó sì ní kí n jókòó lórí wọn.